Agbọ̀n Ápù René Descartes

Ẹni tí ó ra ọsàn kún agbọ̀n, tí ó sì fura pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ti jẹrà, kì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ọwọ́ tú òkè rẹ̀ nìkan. Yóò dà gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yóò yẹ̀ wọ́n wò, èyí tí ó dára ni yóò sì kó padà. Irú òwe yìí ni René Descartes, ọlọ́gbọ́n ará Faransé tí a bí ní 1596, fi dá àlùfáà kan tí ń jẹ́ Bourdin lóhùn ní 1642. Ápù ni ti inú agbọ̀n tirẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí a ṣe sí gbogbo ohun tí a ti gbà gbọ́ láti ìgbà èwe.

Ní 1641 ni ó ti tẹ ìwé tí ó ti da agbọ̀n náà. Ojú a máa tàn wá, nítorí ilé ìṣọ́ onígun mẹ́rin a máa dà bí èyí tí ó rí róbótó bí a bá wà lókèèrè. Ẹni tí ó sùn a sì máa rò pé òun jókòó ti iná pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Bí alágbára ẹlẹ́tàn kan bá sì wà, ta ni ó mọ̀ bóyá a ń ṣìnà nígbà tí a bá ka èjì mọ́ ẹ̀ta? Agbọ̀n ṣófo. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣeé dà nù: ẹni tí ń ṣiyèméjì ń ronú, ẹni tí kò sí kò sì lè ronú.

Títí dé ìhín, mo bá a lọ. Bí ó ti ń kó èso padà ni ó kọ mí lóminú. Ó ní ohun tí ọkàn òun bá rí kedere, òtítọ́ ni, nítorí Ọlọ́run kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Antoine Arnauld, ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, wá bi í pé: báwo ni o ṣe mọ̀ pé Ọlọ́run wà, bí kò ṣe pé ọkàn rẹ rí i kedere? Bí oníbàárà bá ní òṣùwọ̀n mi kò péye, tí mo sì ní òkúta ìwọ̀n mi péye nítorí òṣùwọ̀n náà ni mo fi wọ̀n ọ́n, ǹjẹ́ yóò gbà? Descartes fèsì pé ohun tí a rí kedere lójú ẹsẹ̀ kò ní iyèméjì nínú, àfi èyí tí a kàn ń rántí pé a ti rí rí. Èsì náà kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Síbẹ̀ n kò lè bá àwọn tí ń pè é ní aláìgbàgbọ́ lọ. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1637 ó ti sọ pé ẹni tí ń wó ilé rẹ̀ láti tún un kọ́ gbọ́dọ̀ ní ibòmíràn tí yóò máa gbé. Nítorí náà kò kúrò nínú òfin, àṣà àti ìsìn ìlú rẹ̀. Àtakò Arnauld pàápàá, kò fi í pamọ́. Kí a tó tẹ ìwé ti 1641 ni ó ti jẹ́ kí a fi í han àwọn ọ̀mọ̀wé, kí wọ́n tako ó bí wọ́n ti fẹ́. Ó tẹ àtakò wọn mọ́ ọn pẹ̀lú èsì tirẹ̀, àríyànjiyàn náà sì gùn ju ìwé fúnra rẹ̀ lọ.