Ẹ Fi Àyè Sílẹ̀ fún Kílọ́ọ̀ṣì Ìjàpá

Ẹni tó bá ti gbé ata lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ rí á ti rí i bó ṣe ń yí ọwọ́ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Irin pẹlẹbẹ méjì ló kojú síra nínú lọ́hùn-ún: ọ̀kan ń yí, èkejì dúró. Bí ẹlẹ́rọ bá fún un, ata á kúnná. Bó bá dẹ̀ ẹ́ jù, ata ò ní kúnná. Bó bá sì fún un kọjá bó ṣe yẹ, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ọwọ́ ni ẹlẹ́rọ fi ń mọ ibi tó dọ́gba, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń mọ ti kílọ́ọ̀ṣì.

Volkswagen Beetle ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, ọkọ̀ tí àwa ń pè ní Ìjàpá. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni, ṣùgbọ́n lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Ó lé ní mílíọ̀nù 21 tí wọ́n ṣe kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde ní Mẹ́síkò lọ́dún 2003.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Irin roboto kan tí wọ́n ń pè ní fláíwíìlì ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Pléètì kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ ti jíà, sípíríìnì pírẹ́ṣọ̀ pléètì ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ fláíwíìlì. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ata: kò gbọ́dọ̀ sí ohunkóhun láàárín àwọn méjèèjì, ńṣe ni kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra kí wọ́n jọ máa yí. Tí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dà, waya á fa ọ̀pá kan lára jíà, bẹ́ríìnì á ti sípíríìnì náà, pléètì á sì bọ́ lọ́wọ́ fláíwíìlì.

Bí pléètì bá ti jẹ tán, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde. Bóòtù mẹ́rin péré ló so ó mọ́ jíà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú bátìrì, rọ́bà epo àti àwọn waya, ẹ fi jáàkì gbé e dáadáa. Yálà ẹ ń yọ ọ́ tàbí ẹ ń dá a padà, ẹ má jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ rọ̀ sórí ọ̀pá jíà tó wọnú pléètì, nítorí pléètì tuntun lè tẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́ rárá. Bóòtù mẹ́fà tó di pírẹ́ṣọ̀ pléètì mú, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa tú u, ní ìdojúkọ ara wọn. Tí ẹ bá rí òróró lára fláíwíìlì, ẹ pààrọ̀ oli-síìlì rẹ̀ kí ẹ tó dé e padà. Pléètì tí òróró bá kàn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Títún àyè pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì ṣe déédéé ni iṣẹ́ gan-an. Nọ́ọ̀tù alápá méjì wà ní ìparí waya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà lábẹ́ ọkọ̀. Òun ló ń pinnu iye tí pẹ́dà yóò lọ sílẹ̀ lófo kí ó tó ko agbára: mìlímítà 10 sí 20. Àwọn awakọ̀ kan kì í fẹ́ rí àyè yẹn, wọ́n á ní kí mẹkáníìkì fún un pa kí pẹ́dà lè mú kíákíá. Èyí ló ń dun mí jù lọ. Bí kò bá sí àyè, bẹ́ríìnì ò ní kúrò lára sípíríìnì, pléètì á máa yọ̀, á máa jóná lórí òkè, ẹ ó sì máa gbóòórùn rẹ̀. Bí àyè bá sì pọ̀ jù, pléètì ò ní bọ́ tán, jíà á máa pariwo bí ẹ bá ń fi í sí ọ̀kan.

Bí pléètì ṣe ń jẹ ni àyè yẹn ń dínkù fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa Ìjàpá, ẹ máa fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà náà wò lóòrèkóòrè. Tó bá ti ko agbára lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ nọ́ọ̀tù náà kí ẹ tó gbéra.