Ọgbọ́n akunlé tí Braque kọ́ nílé bàbá ẹ̀ ló fi dárà tí Picasso fi ń ṣe bíi tiẹ̀!

Ẹni tó bá rí àwòrán tí fáolíìnì fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀, tí ọrùn ẹ̀ wà lókè, tí ikùn ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lè sọ pé ọmọdé ló yà á. Irọ́ ni o! Àwọn méjì tí wọ́n mọṣẹ́ dunjú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àrà náà nílùú Paris: Pablo Picasso, ọmọ Sípéènì, àti Georges Braque, ọmọ Faransé. Lọ́dún 1908, akọ̀ròyìn kan, Louis Vauxcelles, wo iṣẹ́ Braque, ó ní ọkùnrin náà ti sọ gbogbo nǹkan di kúúbù, bíi horo ṣúgà. Ibẹ̀ lorúkọ náà, Cubism, ti wá.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ẹ gbé ife sórí tábìlì. Tẹ́ ẹ bá jókòó, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ óò rí. Tẹ́ ẹ bá dìde, ẹnu ẹ̀ tó rí róbótó lẹ óò rí. Ọ̀kan ṣoṣo làwọn ayàwòrán àtijọ́ máa ń mú níbẹ̀. Àwọn méjì yìí ní gbogbo ẹ̀ làwọn fẹ́. Wọ́n á ya ẹ̀gbẹ́, wọ́n á ya ẹnu, wọ́n á tò wọ́n mọ́ra wọn. Ìlà tó yẹ kó yí ife náà po, wọ́n á já a lójú ọ̀nà, kí ara ife lè wọnú ara tábìlì. Ojú ẹni tó ń wò ó ni yóò so gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí fífọ́ náà pọ̀ jù, ó ku díẹ̀ kéèyàn má mọ ohun tí wọ́n yà mọ́. Ìgbà yẹn niṣẹ́ ilé Braque wúlò. Akunlé ni bàbá ẹ̀ ní Le Havre, òun náà sì kọ́ ọ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa òòyà lórí ọ̀dà tútù kí ògiri lè dà bíi pákó. Ó kó ọgbọ́n yìí wọnú àwòrán, ó sì kọ́ Picasso náà. Ó tún ń po iyanrìn mọ́ ọ̀dà, kí ojú àwòrán lè rí bí ògiri tí wọn ò tí ì rẹ́.

Lóṣù karùn-ún, 1912, Picasso lẹ rọ́bà tábìlì tí wọ́n tẹ àwòrán àga onípàǹkẹ́rẹ́ sí mọ́ iṣẹ́ ẹ̀, ó sì fi okùn gidi yí i ká.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, Braque rí bébà ìlẹ̀mọ́giri kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Avignon, tó jọ pákó gan-an. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe! Kò sọ fún Picasso. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kọrí sí Paris ló tó lọ rà á. Ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun, ó wá fi èédú ya àwo èso àti ife lé e lórí. Ìlà èédú ń lọ tiẹ̀, etí bébà ń lọ tiẹ̀. Ojú ní pákó ni, ọwọ́ ní bébà ni!

Ṣé Picasso bínú? Rárá o. Lóṣù kẹwàá, ó kọ lẹ́tà sí Braque pé òun náà ti ń lo ọgbọ́n bébà ẹ̀.

Ogun ló tú wọn ká. Lóṣù kẹjọ, 1914, Picasso sin Braque dé ibùdó rélùwéè ní Avignon. Lọ́dún 1915, Braque fara gbọgbẹ́ gidi lórí lójú ogun. Ó yè é, ó sì padà sídìí iṣẹ́, àmọ́ wọn ò tún jọ ṣiṣẹ́ bíi tàtijọ́ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fojú di akunlé, ẹ rọra o. Òòyà àti bébà ògiri ló wà nídìí àrà tí gbogbo ayé ń wò títí dòní.