Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọmọ Kékeré Láti Máa Tẹ̀lé Ìlù Bí Ó Bá Ń Kọrin

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùtọ́jú ọmọ àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ wà ní Madina àti agbègbè rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí irú èyí rí. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi gbé orin, ó ń pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ náà ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni àtẹ́wọ́ wọn ń dún bí òjò tí ń rọ̀ sórí páànù. Olùkọ́ á gbóhùn sókè, á pàtẹ́wọ́ kíkan sí i, síbẹ̀ kò ní sí ìyàtọ̀. Ẹnìkan á wá sọ pé ọmọ báyìí kò ní etí orin. Ọ̀rọ̀ náà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àgbàlagbà ni kò tíì bá ọmọ lọ ní ìwọ̀n tí ọmọ lè bá a dé.

Kí ni ìlù inú orin?

Ohun tí a ń pè ní ìlù níhìn-ín kì í ṣe ìlù tí a fi awọ ṣe. Òun ni ohun tí ó ń lọ déédéé lábẹ́ orin, tí ó ń mú kí ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tí ń jó kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí kò tilẹ̀ sí onílù kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin lè gùn, ó sì lè kúrú, ṣùgbọ́n ìlù yìí kì í yí padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. H. Kwabena Nketia (1921–2019), ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí orin ní Yunifásítì Gánà ní Legon, tí kò jìnnà sí Madina, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ The Music of Africa (1974) pé a máa ń fi àtẹ́wọ́ tàbí agogo gbé ìwọ̀n àkókò orin jáde, kí ó má bàa jẹ́ pé inú ọkàn oníkálukú nìkan ni ó wà. Ẹni tí ń kọ́ ọmọdé lè rí ọgbọ́n kọ́ nínú èyí: ẹ jẹ́ kí ìlù náà wà níta, níbi tí ọmọ yóò ti rí i, tí yóò gbọ́ ọ, tí yóò sì mọ̀ ọ́n lára.

Kí ni ọmọ lè ṣe ní ọjọ́ orí rẹ̀?

Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé ọpọlọ ọmọ tuntun, tí kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, máa ń fura bí a bá yọ ìlù tí ó ṣe pàtàkì kúrò nínú ohun tí ó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí ṣíṣe. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì a máa mi ara bí ó bá gbọ́ orin, kò sì tíì lè bá ìlù náà mu gan-an. Láti bí ọdún méjì ààbọ̀ dé mẹ́rin, á bá a mu fún ìgbà díẹ̀, á sì tún ṣìnà. Èyí kì í ṣe àìsàn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ìlù tí ó bá ara ọmọdé mu yára ju ti àgbàlagbà lọ. Bí ẹ bá ní kí àgbàlagbà máa fi ọwọ́ lu tábìlì bí ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, yóò lù ú tó nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè lù ú tó nǹkan bí ìgbà 150. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó ń pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́, tí ó rò pé òun ń ran ọmọ lọ́wọ́, ńṣe ni ó ń dá kún ìṣòro rẹ̀.

Ìwádìí mìíràn wá láti Jámánì, ní ọdún 2009 bákan náà. Kirschner àti Tomasello fún àwọn ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́rin ààbọ̀ ní ìlù. Nígbà mìíràn wọ́n bá ènìyàn lù ú, nígbà mìíràn ẹ̀rọ tí ń lu ìlù, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ìró láti inú gbohùngbohùn nìkan. Ìgbà tí wọ́n bá ènìyàn lù ú ni wọ́n ṣe dáadáa jù lọ. Ẹ jẹ́ kí á rántí èyí nígbà tí a bá fẹ́ gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó máa bá a kọrin, kí àwa lè ráyè dáná. (Gbogbo wa ni a ń ṣe é.)

Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ bí ẹ bá ń pọn ọmọ sẹ́yìn, tí ẹ ń kọrin, tí ẹ sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú ní ìdí pẹ́pẹ́. Ẹ máa ṣe é lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbọn ọmọ ọwọ́ jìgìjìgì nítorí pé ẹ fẹ́ kí ó jó. Ọrùn rẹ̀ kò tíì le, gbígbọ̀n sì lè pa ọpọlọ rẹ̀ lára.

Fún ọmọ tí ó ti ń rìn, ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ó máa rìn tàbí kí ó máa fò bí ó ti wù ú. Ẹ̀yin ni kí ẹ pàtẹ́wọ́ sí ìgbésẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ orin ní ìwọ̀n tí ó yára bí tirẹ̀. Inú ọmọ á dùn nígbà tí ó bá rí i pé àgbàlagbà ni ó ń tẹ̀lé òun. Lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá ti jọ lọ déédéé, ẹ lè dẹ ìwọ̀n náà díẹ̀díẹ̀, kí ó máa tẹ̀lé yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ jókòó kí ẹ kọjú sí ara yín, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lu itan papọ̀. Èyí rọrùn fún ọmọ kékeré ju pípàtẹ́wọ́ lọ, nítorí pé ọwọ́ kò ní láti wá ara wọn rí.

Kíkọ orin àti títẹ̀lé ìlù pọ̀ jẹ́ iṣẹ́ méjì fún ọmọdé. Bí ó bá sọ ìlù nù nígbà tí ó la ẹnu, ẹ má bá a wí. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa kọ orin, kí òun máa di ìlù mú, kí ó sì máa gba ègbè nìkan. Orin inú àlọ́ dára púpọ̀ fún èyí, nítorí pé ègbè rẹ̀ kúrú, a sì máa ń tún un gbà léraléra. Ẹ lo orin kan náà fún ọjọ́ púpọ̀. Àgbàlagbà ni orin kan máa ń tètè sú.

Láti ọdún 1959 tí a ti tẹ Madina dó ni oríṣiríṣi ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀ pọ̀. Ọmọ Yorùbá lè gbọ́ Hausa, Twi, Ga àti Ewe nínú agbo ilé kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé orin èdè wọ̀nyí yóò da ọmọ yín láàmú. Ampe tí àwọn ọmọbìnrin ń ṣe ní Gánà jọ ten-ten tí a mọ̀ ní Nàìjíríà: ọmọ méjì á dojú kọ ara wọn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á fò, wọ́n á sì na ẹsẹ̀ kan síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó na tirẹ̀ ti ba eré jẹ́. Kò sí olùkọ́ tí ó le tó eré yìí, àwọn ọmọ kì í sì í sunkún nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin náà ṣe é.

Ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera ní láti kíyè sí

Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin tí wọ́n lè bá àgbàlagbà lu ìlù déédéé mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró ọ̀rọ̀ ju àwọn tí kò lè ṣe é lọ. Èyí kò fi hàn pé ìlù lílù nìkan yóò sọ ọmọ di ọ̀mọ̀wé. Ohun tí ó fi hàn ni pé etí, ọ̀rọ̀ àti ìlù jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ní ọjọ́ tí a bá ń wọn ọmọ, nígbà tí àwọn ìyá bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró, ẹ lè gbé orin kan. Ẹ wo ọmọ tí kò tilẹ̀ mira rárá. Ẹ bi ìyá rẹ̀ bóyá ó máa ń yí orí bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, bóyá ó ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àti bóyá ọyún ń jáde ní etí rẹ̀. Omi tí ó pamọ́ sínú etí lẹ́yìn òtútù lè dín ìgbọ́ràn ọmọ kù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìsí ìrora kankan, ilé á sì máa bá ọmọ náà wí pé olóríkunkun ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní láti rí àwọn tí ń tọ́jú etí, irú èyí tí ó wà ní Korle Bu. Ẹ má ṣe ki ìyẹ́ tàbí igi bọ etí rẹ̀, ẹ má sì da òróró sí i kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ọmọ náà kò gbọ́ràn dáadáa, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú orin. Ẹ gbé ìlù aláwọ sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ara igi rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń lù ú. Ìlù náà yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ara igi.