Eyín Tí A Dí Tí Kò Dí Tán

Ọ̀rọ̀ eyín ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ara mi ni mo sì ti kọ́ ọ.

Akokoro ló dà mí láàmú ní ilé wa ní Kétu. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkòsì ní kí n yọ eyín náà sọnù, ṣùgbọ́n dókítà eyín ní kò dìgbà tí a bá yọ ọ́. Ó kó ẹran tó ti kú kúrò nínú gbòǹgbò rẹ̀, ó fọ ibẹ̀ mọ́, ó dí i, ó sì fi oògùn funfun bo orí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì fún ìdérí gidi.

Nígbà tí eyín kò dùn mí mọ́, mo jókòó sílé. Owó ìdérí, mo fi ra ata àti tòmátì ní Mile 12. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, èrìgì mi wú, ọyún ń jáde. A tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni eyín rí. Ihò inú gbòǹgbò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Dókítà a ki ọ̀pá kékeré kan bọ̀ ọ́, gutta-percha ni orúkọ rẹ̀, oje igi ilẹ̀ Malaysia àti àgbègbè rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀pá yìí kì í lẹ̀ mọ́ eyín. Sìmẹ́ǹtì ni í dí àlàfo tó kù, bí bíríkìlà ti ń dí àárín búlọ́ọ̀kù.

Sìmẹ́ǹtì yìí kì í ṣe irú kan. Ọ̀kan wà tí wọ́n fi zinc oxide àti òróró kànáfùrù pò. Omi ara lè máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Òmíràn ń lẹ̀ bí àtè, ṣùgbọ́n ó máa ń súnkì díẹ̀ bó bá ń le. Ní 1993, Mahmoud Torabinejad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé MTA jáde, ìbátan sìmẹ́ǹtì ìkọ́lé, tí ó ń gan nínú omi. Ẹ má tìtorí èyí fi sìmẹ́ǹtì ilé kan eyín o!

Láti dán wọn wò, àwọn onímọ̀ a rẹ eyín tí a ti yọ sínú aró, wọn a là á, wọn a wo ibi tí aró wọ̀ dé. Kò sí èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní jò rárá. Nítorí náà ni ìdérí orí fi ṣe pàtàkì.

Ní 1995, Ray àti Trope wo fọ́tò ẹ́síréè eyín 1,010. Níbi tí gbòǹgbò àti ìdérí ti dára, nǹkan bí 91 nínú 100 ni ìdí gbòǹgbò wọn kò ní àrùn. Níbi tí gbòǹgbò dára ṣùgbọ́n tí ìdérí kò dára, nǹkan bí 44 péré ni. Níbi tí méjèèjì kò dára, 18.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ padà lọ ní ọjọ́ tí dókítà bá dá, bí eyín kò tilẹ̀ dùn yín. Ẹ béèrè fún fọ́tò ẹ́síréè lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ má fi eyín tí kò tíì ní ìdérí gidi fọ́ egungun. Ẹ fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ìdérí bá sán tàbí tí ó já, ẹ tètè lọ. LASUTH ní Ìkẹjà ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín, kò sì jìnnà sí wa ní Kétu.

Ata Mile 12 yóò dúró dè yín. Eyín kò ní dúró. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.