Àwòrán Ìgboro

Ní ọdún 1930, Frédéric Gadmer wá láti ilẹ̀ Faransé sí Dahomey, tí à ń pè ní Bénin lónìí. Ó ya àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ ní Àjàṣẹ́ àti ní ìlú mìíràn. Àwòrán náà ṣì wà ní ilé ìṣúra Albert-Kahn, lẹ́bàá Paris. A ń rí ènìyàn, aṣọ àti ilé ayé àtijọ́ nínú wọn.

Ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ kì í jọ wá lójú. Ṣùgbọ́n ọjà ń yí padà, ilé ń wó, àgbà ń lọ. Àwòrán kì í gbàgbé ojú, ṣùgbọ́n kò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ, ẹ mú àwòrán ilé yín. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè. Ẹ kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀.