Bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń kọ́ ọmọdé ní àṣà Rọ́ṣíà: Ohun tó yẹ kí òbí tí ń fi ilé ṣe ilé-ìwé mọ̀

Bí Yorùbá bá dárúkọ ẹ̀kọ́ ilé, ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, àwọn òbí kan wà tí wọ́n sọ ilé gan-an di ilé-ìwé. Ìyá tàbí bàbá ni olùkọ́, orí tábìlì oúnjẹ ni wọ́n sì ti ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò. Láti ọdún 1993 ni òfin ti fàyè gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa lọ́dún 2020, àjọ tí ń ka ènìyàn lórílẹ̀-èdè náà ṣe ìwádìí láàrin àwọn ìdílé tó ní ọmọ ilé-ìwé. Ìdá 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń kọ́ ọmọ nílé ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹrin. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, ó ti di ìdá 11.1. Ní Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1992 fàyè gbà á, òfin ọdún 2012 sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀nà kan tí irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn láti fi kọ́ ọmọ nípa ilẹ̀ òkèèrè ni iṣẹ́ ọwọ́. Bó bá kan Rọ́ṣíà, ọmọláńgidi onígi tí wọ́n ń pè ní matryoshka ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, ṣé ọmọ náà kọ́ nǹkan kan, àbí ó kàn gé páálí, ó sì kùn ún lọ́dà?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ matryoshka náà wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ayébáyé ló ti wà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láàrin ọdún 1890 sí 1900 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀, ní ilé iṣẹ́ kan ní Mọ́skò tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ẹ̀kọ́ Ọmọdé. Vasily Zvyozdochkin ló gbẹ́ igi rẹ̀, Sergey Malyutin ló kùn ún. Mẹ́jọ ni wọ́n, ọ̀kan nínú èkejì. Èyí tó tóbi jù gbé àkùkọ dúdú dání, èyí tó kéré jù sì jẹ́ ọmọ jòjòló tí a fi aṣọ wé. Lọ́dún 1900 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Paris, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn títí dòní bóyá ara ọmọláńgidi Japan ni wọ́n ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀.

Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe tirẹ̀, páálí tó to. Ohun tó yẹ kí òbí kọ́kọ́ sọ fún un ni pé láti inú ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀: èyí tó kéré jù, tí kì í ṣí, ni agbẹ́gi ń kọ́kọ́ ṣe, kí ó lè fi í wọn èyí tí yóò bò ó. Kí ọmọ náà ká páálí ní róbótó, kí àkọ́kọ́ ga ní sẹ̀ǹtímítà 7, kí ó sì máa fi 2 kún un títí dé 15. Kí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ díẹ̀. Ìṣirò ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, ìtàn sì wà níbẹ̀.

Bákan náà ni ohun ìṣeré Dymkovo. Dymkovo jẹ́ àdúgbò kan ní ìlú Kirov, tí wọ́n ń pè ní Vyatka tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń fi amọ̀ pupa àti iyanrìn mọ ẹṣin, ewúrẹ́ àti obìnrin oníyẹ̀rì ńlá, tí wọ́n sì ń sun wọ́n nínú iná. Láyé àtijọ́, ẹfun tí a pò mọ́ wàrà ni wọ́n fi ń kùn wọ́n kí ọ̀dà aláràbarà tó tẹ̀lé e. Fèrè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí ọdún kan wà nílùú náà tí tọmọdé tàgbà ti ń fun fèrè. Nílé, a lè po ife ìyẹ̀fun méjì, ife iyọ̀ kan àti omi díẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi le bí amọ̀. Àgbàlagbà ni kó bójú tó ààrò, kí ọmọ má sì ṣe jẹ ẹ́, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìkẹta ni àwo àti ṣíbí onígi Khokhloma, láti agbègbè Nizhny Novgorod, tó ń dán bíi wúrà. Kò sí wúrà kankan lára rẹ̀. Ìyẹ̀fun irin funfun ni wọ́n ń fi ra igi náà; wọ́n á kùn ún ní fáníìṣì, wọ́n á sì gbé e sínú ààrò, ooru á wá sọ fáníìṣì di aláwọ̀ wúrà. Ọmọ tó kàn ra ọ̀dà aláwọ̀ wúrà lọ́jà, tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé èyí fún, ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ náà ti fò ó ru.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí a má gba ohun olóhun fún ẹlòmíràn. A máa ń rí ẹyin tí a fi ìda oyin yàwòrán sí, tí a sì rì sínú aró, láàrin àwọn iṣẹ́ tí a pè ní ti Rọ́ṣíà. Pysanka ni orúkọ rẹ̀, ti àwọn ará Ukraine sì ni. Lọ́dún 2024 ni àjọ UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní orúkọ Ukraine àti Estonia. Lọ́dún 2022, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine, ni àjọ kan náà kọ àṣà sísè ọbẹ̀ borscht ti Ukraine sáàrin àwọn tó nílò ààbò kíákíá. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé Yorùbá dáadáa. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú ìwé UNESCO yìí kan náà. Bí ìwé ọmọdé kan bá sọ pé ti ẹ̀yà mìíràn ni, inú ará Kétu kò ní dùn.

Ogun kò sọ pé kí a má kọ́ ọmọ nípa Rọ́ṣíà. Obìnrin tó mọ fèrè amọ̀ ní Vyatka kì í ṣe ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n kí òbí tó gbé páálí àti àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni kó ti wá ìdáhùn sí: ta ló ni iṣẹ́ yìí, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí sì nìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀? Ọmọ tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn iṣẹ́ náà ti kẹ́kọ̀ọ́, kódà bí ọmọláńgidi rẹ̀ bá wọ́.