Èéfín Kò Mọ Ààlà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ààrò Ìta àti Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò

Àwọn àgbà a máa wí pé èéfín nìwà, rírú ní í rú. Lónìí, èéfín gan-an ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí ó ń rú láti àgbàlá ẹnìkan wọ yàrá ẹlòmíràn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn aládùúgbò títí ìjọba fi ṣòfin sí i. A yàn án nítorí pé àwọn onímọ̀ wa ti sọ̀rọ̀ lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

KÍ NI ÀÀRÒ ÌTA?

Ní apá àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òtútù ìgbà yìnyín le tó bẹ́ẹ̀ tí ilé tí kò ní ooru kò ṣeé gbé. Àwọn kan ń fi epo tàbí gáàsì mú ilé wọn gbóná, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ a máa ga. Nítorí náà, àwọn ará ìgbèríko tí igi pọ̀ lọ́dọ̀ wọn a máa ra ẹ̀rọ kan tí ó dà bí ahéré kékeré tí a fi irin kàn. Ìta ni wọ́n ń gbé e sí. Ibi ìdáná wà nínú rẹ̀, omi sì yí ibi ìdáná náà ká. Bí igi bá ń jó, omi á gbóná, yóò gba inú páìpù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ wọ inú ilé, yóò mú gbogbo yàrá gbóná, yóò sì tún padà sínú ẹ̀rọ. Bọ́ílà oníigi ni. Ààrò ìta ni àwa yóò máa pè é nínú àlàyé yìí.

NÍBO NI ÌJÀ TI WÁ?

Èkínní, bí ilé bá ti gbóná tó, ààrò náà á dí ojú ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Igi inú rẹ̀ kò ní kú, kò sì ní jó dáadáa, yóò kàn máa rú èéfín. Ẹni tí ó bá ti fi igi tútù dáná rí mọ bí èéfín bẹ́ẹ̀ ṣe ń ta ojú.

Èkejì, ọ̀pá èéfín rẹ̀ sábà máa ń kúrú. Èéfín kò lè ga kí atẹ́gùn gbé e lọ. Ó máa ń rọ̀ sílẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé ará ilé kejì, pàápàá ní alẹ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́.

Ẹ̀kẹta, àwọn kan a máa ju ìdọ̀tí, ike àti pákó tí a ti kùn sínú rẹ̀. Èéfín irú nǹkan bẹ́ẹ̀ burú ju ti igi lọ.

Èéfín igi pàápàá kì í ṣe ohun àfojúkéré. Èérún inú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5 tó bí ìdá kan nínú 30 ìbú irun orí kan, tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó sì ń ni ọmọdé, arúgbó, alárùn ọkàn àti ẹni tí mímí nira fún lára.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀, onílé ààrò á ní: "Ilẹ̀ mi ni, igi mi ni, owó mi ni mo fi rà á. Bí mo bá pa á, kí ni àwọn ọmọ mi yóò yá?" Ẹnì kejì á ní: "Ilé mi ni mo jókòó sí, n kò lè ṣí fèrèsé, ọmọ mi ń húkọ́ mọ́jú." Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo: kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ìdí nínú àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí ẹjọ́ náà fi le.

OHUN TÍ ÌJỌBA ṢE

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe lórí sítóòfù oníigi ní ọdún 1988 kò kan ààrò ìta. Àwọn ìpínlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dìde. Ní 1997, ìpínlẹ̀ Vermont pàṣẹ pé ààrò tuntun gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé ẹlòmíràn tó ẹsẹ̀ bàtà 200. Connecticut ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2005, òfin náà sì kan gíga ọ̀pá èéfín pẹ̀lú. Ní 2011, New York ní kí ààrò tuntun fi ẹsẹ̀ bàtà 100, ó kéré tán, jìnnà sí ààlà ilẹ̀ aládùúgbò, kí ọ̀pá èéfín rẹ̀ má sì dín ní ẹsẹ̀ bàtà 18. Ní 2015, àjọ EPA ti ìjọba àpapọ̀ ṣòfin lórí ìwọ̀n èéfín tí ààrò tuntun lè tú jáde, wọ́n sì mú un le sí i ní 2020. Ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ yìí kò ní kí ẹni tí ó ti ní ààrò àtijọ́ hú u kúrò. Nítorí náà, ìjà kò tíì tán.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ WA WÍ

Àwa tí a ń tẹ̀lé ojú ọ̀nà Ìmáàmù Maliki ní ìdáhùn nínú ìwé Mudawwana, èyí tí Sahnun ará Kairawan, tí ó kú ní 240 Hijira, kó jọ. Ó kan ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná, tàbí ààrò búrẹ́dì, sórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ibn al-Qasim fèsì pé bí ó bá ni àwọn aládùúgbò lára, wọ́n lè dá a dúró. Ẹ wò ó, ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná àti ààrò ìta, iná kan náà ni wọ́n ń dá! Ìpìlẹ̀ ìdájọ́ náà ni pé Ànábì wa kọ̀ fún wa láti ni ẹlòmíràn lára, ó sì kọ̀ fún wa láti fi ìnira san ìnira. Ìwé òfin Mejelle, tí ìjọba Ottoman ti Tọ́kì gbé jáde láàrin 1869 sí 1876, náà ka èéfín ààrò tí kò jẹ́ kí onílé lè gbé ilé rẹ̀ mọ́ ìnira tí a gbọ́dọ̀ mú kúrò.

Ẹ̀KỌ́ WA

Òfin ìjọba a máa fi ẹsẹ̀ bàtà wọn ilẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í wọn ilẹ̀ kí ó tó fẹ́. Ẹni tí ó bá jìnnà ní ẹsẹ̀ bàtà 100, tí èéfín rẹ̀ ṣì ń pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún, ti bọ́ lọ́wọ́ òfin, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Kí ó lo igi tí ó ti gbẹ dáadáa, kí ó gbé ọ̀pá èéfín rẹ̀ ga, kí ó má sun ìdọ̀tí, kí ó sì bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ kí ó tó gbé ààrò kalẹ̀. Ẹni tí èéfín ń dà láàmú náà, kí ó kọ́kọ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó gbé e lọ sí kóòtù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí yìnyín tí a ó torí rẹ̀ ra ààrò ìta. Ṣùgbọ́n a ń yan ẹja, a ń yan gààrí, a sì ń dáná àríyá. Kí olúkúlùkù wa wo ibi tí èéfín tirẹ̀ ń fẹ́ sí. Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe aládùúgbò rere. Àmín.